Orúkọ Tí Mo Ní Kí Fàsílátù Yọ Kúrò

Ẹni tó bá dé Ìlọrà tó béèrè Bàbá Akọ̀wé, kódà kó jẹ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́ ló ti béèrè, ilé mi ni yóò mú un wá. Ṣàngódèyí lorúkọ mi. N kò wọ ilé ìwé rí àfi ọjọ́ tí wọ́n pè wá kí a wá tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ara bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo sì kọ́ ọ débi pé fún ogójì ọdún, kò sí lẹ́tà gidi kan tó jáde láti Ìlọrà títí dé Ìmínì tí ọwọ́ mi kò sí nínú rẹ̀. Mo kọ ọ̀kan fún ọdẹ kan tí ìjọba gba ìbọn rẹ̀. Ọ̀gá tó ka lẹ́tà náà sunkún, ó dá ìbọn padà, ó tún fi ọta kún un.

Ṣùgbọ́n ìtàn ara mi kọ́ ni mo jókòó tì. Ìtàn Fàsílátù ni, ìyàwó ilé Fátọ́kẹ́, ẹni tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ ìrẹ̀gẹ́ tó wà lọ́nà Fìdítì. Bí ẹ bá ti jẹ gàrí Ìlọrà rí, tó gbẹ, tó kan díẹ̀, tí eyín kò kan òkúta nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Obìnrin kúkúrú ni. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ló kà. Òun ló kọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi ni mo tún un ṣe títí tó fi bàjẹ́.

Lọ́dún 1995 tí Fàsílátù wọ ilé Fátọ́kẹ́ bí ìyàwó, ó bá ọmọ ọdún méje kan níbẹ̀, àbúrò Láàsísì ọkọ rẹ̀. Abdulqoyyum lorúkọ ọmọ náà. Ìyá wọn ti kú, kò sí ẹni tó ń rí sí i. Láàsísì fa ọmọ náà lé ìyàwó lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Tìẹ rèé." Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé jó lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Orúkọ mìíràn ni yóò fún kálukú, láti inú ìrísí rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀, ìyẹn ni yóò sì máa fi pè é títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ọmọ yìí ga gẹ́gẹ́ bí igi àgbàlùmọ̀. Ní ọmọ ọdún méje, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìyàwó dọ́gba. Fàsílátù sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò.

Ó tọ́ ọ bí ẹni tọ́ ọmọ inú rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ilé ìwé, ó gbé e lọ sí ilé kéú, ó pọn ọ́n lọ fún abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó gun ọ̀kadà, ó ká ọsàn fún àwọn ará Fìdítì, kò rọ́wọ́ mú. Lọ́dún 2019, àwọn kan wá kó àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n lọ máa wa wúrà ní Òkè Ọya. Ó bá wọn lọ. Ọdún kìíní, ó ń pe ilé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn náà, fóònù rẹ̀ kú, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Láàsísì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì. Àárẹ̀ tó mú un, àwọn oníṣègùn fún un ní orúkọ tó gùn. Èmi mọ̀ pé ojú ọ̀nà ló pa á. Kó tó kú, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Má jẹ́ kí ọmọ ìyá mi sọnù bí abẹ́rẹ́. Bó kú, bó yè, kí ilé mọ̀." Ẹrù tí Fàsílátù gbé kúrò nídìí ẹní yẹn nìyẹn. Kò ní òmíràn láyé.

Tahirah ọmọ rẹ̀ ló ṣí búlọ́ọ̀gì fún un. Fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: ojú ìwé ni, lórí ayélujára, tí èèyàn ń kọ tinú rẹ̀ sí, tí ẹni tó wà ní Sókótó àti ẹni tó wà ní Mẹ́kà lè kà lórí fóònù. Ọmọbìnrin náà ń kàwé ní Ọ̀yọ́, ó ń ti Ìlọrà lọ, ó ń padà wálé. Ìyá ń yan gàrí. Ó fi fóònù sínú ọ̀rá nítorí omi ẹ̀gẹ́. Bó bá yan agbada kan tán, á nu ọwọ́, á kọ ìlà méjì. Bó bá da ìyẹn sórí àtẹ kó tutù, á tún kọ méjì. Bẹ́ẹ̀ ló kọ ìtàn Agùntáṣọọ́lò láti ọjọ́ tó ti bá a nílé títí dé ọjọ́ tó gun mọ́tò lọ.

Lọ́dún 2022, ìyá àti ọmọ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, nídìí igi òdán níbi tí tábìlì mi wà. Fàsílátù kúnlẹ̀.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ bá wa wò ó. Ẹ sọ ibi tó kù sí. Mo fẹ́ kó dé ibi tí ọmọ yẹn wà."

"Màámi, Bàbá ò ní fóònù tó lè ṣí i," ni Tahirah wí. "Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni tiwọn."

"Tọ́ọ̀ṣì yẹn ríran ju ojú ẹ lọ, ọmọ yìí. Gbé tìẹ síbí, kí o lọ ra ẹ̀kọ jẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, nítorí èèyàn pọ̀ tó ń sọ pé àwọn mọ ìwé í yẹ̀ wò, tí kò kọjá kí wọ́n ní ó dára, ó dára. Mo kọ́kọ́ kà á fún ara mi. Lẹ́yìn náà, mo pe ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò, mo pe ìyá ẹlẹ́kọ, mo pe tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Mo gbé fóònù lé kálukú lọ́wọ́, mo ní, "Wá nọ́ńbà tí wọ́n ní kí èèyàn pè bó bá mọ ibi tí ọmọ yìí wà." Mo wá ń wo ìka wọn.

Ọlọ́kadà fa ojú ìwé náà sísàlẹ̀ títí ọwọ́ fi ro ó. Ó ní, "Bàbá, ṣé kànga ni wọ́n gbẹ́ síbí ni?" Ìyá ẹlẹ́kọ kò tilẹ̀ rí lẹ́tà kankan, nítorí àwọ̀ ìyeyè ni Tahirah fi kọ ọ́ sórí ilẹ̀ dúdú, ó ní kí ó lè dán. Ìyá náà ní àwọn oyin ni òun rí. Tíṣà fi fóònù ara rẹ̀ ṣí i, dátà rẹ̀ ti tán kí àwòrán kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ tó jáde tán. Àwòrán Iléyá ni, tí èèyàn márùn-ún dúró, tí Agùntáṣọọ́lò sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nínú rẹ̀.

Nígbà tí Fàsílátù àti ọmọ rẹ̀ padà wá, mo fún wọn ní máàkì mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú Tahirah korò.

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta ké, Bàbá? Èmi tí mo fi oṣù kan ṣe é?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi oṣù mẹ́sàn-án ṣe ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀." Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ ní dúdú lórí funfun, kí wọ́n gbé nọ́ńbà wá sókè pátápátá, kí lẹ́tà rẹ̀ tó ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ àwòrán di kékeré bí èékánná kó má bàa jẹ dátà ẹni ẹlẹ́ni. Gbogbo èyí dára. Títí di òní, n kò rí ẹni tó lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo dé orí bí Fàsílátù ṣe kọ ọ́. Kí n má parọ́, obìnrin náà mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ wo bó ṣe kọ ọjọ́ tó wọlé ọkọ: "Wọ́n ní kí wọ́n bu omi wá kí n fi wẹ ẹsẹ̀. Òun ló gbé e wá. Omi náà gbóná, ó jó mi lẹ́sẹ̀. N kò sọ. Ó wo ojú mi, ó sáré lọ bu omi tútù là á." Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Èmi rò pé ó gbẹ. Mo fi òwe sí i. Mo fi òjò sí ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Mo ní igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà wúre nígbà tí ọmọ náà ń lọ, mo ní ẹyẹ mẹ́ta fò kọjá sí apá òsì. Fàsílátù kà á, ó ní, "Bàbá, n kò rí ẹyẹ kankan lọ́jọ́ yẹn." Mo ní, "Òǹkàwé yóò rí i."

Ọ̀ràn orúkọ ló kù. Nínú gbogbo ohun tí ìyá kọ, kò pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Agùntáṣọọ́lò ni látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí gbogbo rẹ̀, Tahirah ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé: A Ń Wá Abdulqoyyum Fátọ́kẹ́, Ọmọ Ìlọrà.

Fàsílátù fi ìka kan ibẹ̀, kò wò mí lójú. "Èyí ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ojú ìwé tèmi ni. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹnu mi ló jáde."

Mo fa ara mi sẹ́yìn lórí àga. Irú ìbéèrè tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Mo ní, "Ọwọ́ tó ń kọ̀wé, ẹnu ni. Ohun tí ẹnu ìyàwó kò gbọ́dọ̀ pè, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Yọ ọ́."

"Bàbá," ni Tahirah wí, "ẹni tó bá rí i, orúkọ ló máa tẹ̀ sórí fóònù láti wá ilé rẹ̀. Ta ni yóò tẹ Agùntáṣọọ́lò?"

"Ẹni tó ti kà á, tó sunkún."

"Ẹ̀yin wá ni kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kì í ṣe ìyàwó ilé wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn tọ́. Mo mọ̀ pé ó tọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo lè fi ìlà kan sí i pé, Èmi Ṣàngódèyí ló ń kéde Abdulqoyyum, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ìyàwó ló gba inú ìwé náà já, mo sì ti dán ohùn náà títí ó ń kọ mànà. N kò fẹ́ kí ohùn akígbe ọjà já wọ ibẹ̀. Mo ní, "Ọmọdé, ìwọ mọ fóònù, èmi mọ ìwé." Fàsílátù fi ohùn ìsàlẹ̀ ní ẹ ṣeun, ó yọ ìlà náà lójú mi níbẹ̀. Mo fún wọn ní méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Ìwé náà tàn. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kà á lójúmọ́. Tahirah ní ogójì ni. Kó jẹ́ ogójì. Ogójì èèyàn tó ń sunkún lójúmọ́ kúrò ní kékeré. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Obìnrin kan láti Àwẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò lè jẹun lọ́jọ́ tí òun kà á. Mo máa ń ní kí Tahirah ka irú èyí fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà náà dá wà lókè, ó tó ìka ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè é.

Ọdún kan kọjá, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fàsílátù ń yan gàrí, fóònù wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrò. Bó bá dún, á ju àkúfọ́ igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀. Gàrí jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà nítorí bẹ́ẹ̀, òun tí gàrí rẹ̀ kì í jó.

Lọ́dún 2024, lẹ́yìn ààwẹ̀, ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ìtàn náà pé: "Ìtàn yìí dùn gan-an. Ṣé òótọ́ ni àbí àròsọ? Bó bá jẹ́ àròsọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Agùntáṣọọ́lò padà wálé níparí."

Tahirah ní ìyá òun ka ìlà yẹn, ó gbé agbada sọ̀ kalẹ̀ kí gàrí tó gbẹ, ó pa iná. Ó lọ sí ibojì Láàsísì lẹ́yìn ilé. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó ní kí Láàsísì má bínú, kí gbogbo ilé má bínú, òun fẹ́ pe orúkọ ọkọ òun. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti wà nílé yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó wá jókòó, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sí orí ìwé náà, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìlú. Ó yọ ẹyẹ mi. Ó yọ òjò mi. Kò bi mí.

Ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù dún.

Rachel lorúkọ ẹni tó pè. Ọmọ Fìdítì ni, ibi tí ọ̀kadà ń gbé èèyàn dé láti Ìlọrà kí iyán tó tutù. Ọsibítù kan ní Òkè Ọya ló ti ń tọ́jú aláìsàn. Kò lè sọ ọ́ tán lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi, ó wá fúnra rẹ̀, ó gbé ọ̀rá kan dání. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, nítorí ọ̀ràn ìwé ni. Ìdí àrò la jókòó sí. Kò sí iná níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Rachel ní ihò ìwakùsà wó lu àwọn ọkùnrin kan nígbà òjò ọdún 2023. Ẹnì kan nínú wọn ni wọ́n gbé wá bá àwọn. Orí rẹ̀ ti fọ́, ojú rẹ̀ wú, kò lè sọ̀rọ̀. Káàdì tí wọ́n fi ń wọ ibi iṣẹ́ wà lápò rẹ̀, orúkọ nìkan ló wà lára rẹ̀, kò sí ìlú.

"Mo rí Fátọ́kẹ́, mo mọ̀ pé ọmọ wa ni," ó wí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ní dátà ni mo ń tẹ orúkọ náà. Mo rí Abdulqoyyum tó ń gbá bọ́ọ̀lù, mo rí Abdulqoyyum tó ń ta mọ́tò. N kò rí ẹni tó ń wá èyí."

Fàsílátù bi í pé ọjọ́ mélòó ló lò.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógójì, màmá. Ó ga ju bẹ́ẹ̀dì wa lọ. Mo máa ń fi àga sí ìdí bẹ́ẹ̀dì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí nǹkan gùn lé." Ó nu ojú rẹ̀. "Kò sí ẹni tó wá. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ló sin ín. Wọ́n ṣe é dáadáa. Mo ṣì ń tẹ orúkọ náà lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnì kan lè mọ̀."

Rachel wá wolẹ̀, ó ní, "Màmá, mo ti ka ti Agùntáṣọọ́lò rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ránṣẹ́. Inú wọ́ọ̀dù yẹn gan-an ni mo ti kà á, òun ni mo jókòó tì. Mo sunkún. Mo rò pé àròsọ ni. Mo rí nọ́ńbà náà lókè, mo rò pé ti ẹni tó kọ ìtàn ni, pé bóyá ìwé ló ń tà."

Tahirah wò mí. Kò pẹ́ tó fi gbé ojú kúrò. Mo mú igi kan, mo ń fi ro eérú àrò tó ti tutù.

Ìdí tí kò fi pe ilé láti ọdún 2020 títí ihò fi wó, n kò mọ̀ ọ́n. Bóyá ojú ń tì í pé kò rí wúrà. Bóyá fóònù ló sọnù. Nígbà mìíràn, ibi tí mo ti ń fi ẹyẹ mẹ́ta sí nìyí. N kò ní fi nǹkan kan sí i.

Ṣẹ́ẹ̀tì kan ló wà nínú ọ̀rá náà, àti káàdì yẹn. Fàsílátù na ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí itan rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn gígùn apá rẹ̀. Ó ní, "Ó tún ga sí i." Ó ká a. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rachel, ó bu gàrí fún un nínú àpò ńlá, ó sìn ín dé títì. Wọ́n ṣe àdúrà fún ọmọ náà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ fún Láàsísì níbi tó wà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Fàsílátù wá sábẹ́ igi òdán. Òun nìkan ló wá. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó gbé fóònù síwájú mi. Ó ti kọ ìparí rẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọdún tí wọ́n bí i, ibi tó kú sí, ibi tí wọ́n sin ín sí. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo kọ ọ́." Lẹ́tà náà dúdú lórí funfun. Kò sí òwe kan níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Bàbá Akọ̀wé," ó wí, "mélòó ni ẹ fún un?"

Mo ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Ó wo awò náà níbi tó wà lórí imú mi. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá," ó mú fóònù rẹ̀, ó dìde, ó padà sídìí gàrí.